Ẹ̀kọ́ Lórí Ìṣàkóso Ọ́kẹ́sítírà, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ọ Láti Ilé dé Ilé

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọ́kẹ́sítírà, ènìyàn méjì ni ojú ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rí: olórin tí ó jókòó pẹ̀lú fáyólìn rẹ̀, àti adarí orin tí ó dúró níwájú pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹnì kẹta wà tí a kì í rí. Òun ni ó wá gbọ̀ngàn tí wọ́n jókòó sí, òun ni ó yá ìwé orin tí ó wà níwájú wọn, òun ni ó bá àwọn olórin náà dúnàádúrà owó iṣẹ́ wọn, òun náà ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí owó ọ̀hún yóò ti wá kí ìparí oṣù tó dé. Alákòóso ọ́kẹ́sítírà ni à ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀, àti ọ̀nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbà ń kọ́ ọ, ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ yìí àti ẹ̀yin òbí wa bá mi gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìrántí ọdún yìí. Ìdí tí mo fi yàn án kò jìnnà. Ọmọ púpọ̀ ni ó fẹ́ràn orin tọkàntọkàn tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì yá tó láti fi orin jẹun. Àwọn òbí a máa rò pé kò sí ohun tí orin tún lè dà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Èrò yẹn kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ohun tí à ń wí ti tóbi tó. Ọ́kẹ́sítírà símfónì tí ó pé pérépéré a máa ní olórin 80 sí 100: àwọn olókùn, láti orí fáyólìn títí dé béèsì ńlá tí ó ga ju ènìyàn lọ, àwọn onífèrè igi, àwọn onífèrè idẹ, àti àwọn onílù. Nínú àwọn ńlá tí ó wà ní Amẹ́ríkà títí di òní, ti New York ni ó pẹ́ jù. 1842 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ti Boston bẹ̀rẹ̀ ní 1881, ti Chicago ní 1891, ti Philadelphia ní 1900. Ọkùnrin olówó kan tí ń jẹ́ Henry Lee Higginson ni ó dá ti Boston sílẹ̀, àpò ara rẹ̀ ni ó sì fi ń dí ihò gbogbo tí owó tíkẹ́ẹ̀tì kò bá lè dí, ọdún dé ọdún, títí di 1918. Bí baba ńlá bá ń gbọ́ bùkátà, àwọn ọmọ ilé kì í bèèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́jà. Ṣùgbọ́n irú Higginson kò pọ̀, bí wọ́n bá sì ti kọjá lọ, ẹnìkan ní láti jókòó ti ìwé ìṣirò.

Ìṣirò náà le ju bí a ti lè rò lọ. Ní 1966, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé méjì, William Baumol àti William Bowen, tẹ ìwé kan jáde nípa ìnira owó tí ń bá iṣẹ́ ọnà orí ìtàgé. Kókó ọ̀rọ̀ wọn kò ṣòro fún ọmọdé láti lóye. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe bàtà lè ra ẹ̀rọ tuntun, kí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sì máa ṣe iye bàtà tí ogún òṣìṣẹ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orin tí Beethoven kọ fún ènìyàn mẹ́rin ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ènìyàn mẹ́rin náà ni yóò gbà lónìí, ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan náà ni yóò sì gbà. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè sọ mẹ́rin di méjì. Síbẹ̀ owó iṣẹ́ olórin gbọ́dọ̀ máa gòkè bí ti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti ń gòkè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ó mọ fáyólìn í ta yóò lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, ẹrù ọ́kẹ́sítírà ń wúwo sí i lọ́dọọdún, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ná ìnákúnàá. Ní Amẹ́ríkà, owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà tó ìdajì ohun tí wọ́n ń ná. Ọrẹ àwọn ará ìlú ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ nínú ìyókù, pẹ̀lú èlé orí owó ìdúró. Owó ìdúró ni owó tí wọ́n kó pamọ́ tí wọn kì í fọwọ́ kan ojú rẹ̀, èlé rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ná. Ohun tí ìjọba ń fi sí i kéré jọjọ. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìlú ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ alákòóso ibẹ̀ fi yàtọ̀ pátápátá sí ti Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1966 kan náà, Ford Foundation ya 80 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún ọ́kẹ́sítírà 61. Ọrẹ náà ran púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ láti mú sáà wọn gùn, tí àwọn olórin tí ń rí owó iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan nínú ọdún fi bẹ̀rẹ̀ sí rí i ní ọdún yípo. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n sáà tí ó gùn ń fẹ́ ìpàtẹ orin púpọ̀ sí i, olùgbọ́ púpọ̀ sí i, ọrẹ púpọ̀ sí i, àti alákòóso tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Níbo ni wọn yóò ti rí i?

Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ilé ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ yìí. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kàn ṣèèṣì bá ara wọn nínú rẹ̀ ni. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ wù mí jù nínú wọn ni obìnrin ará Cleveland kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, Adella Prentiss Hughes. Píánò ni ó mọ̀ ọ́n tẹ̀, òun ni ó sì máa ń tẹ̀ ẹ́ ti àwọn akọrin lẹ́yìn. Láti 1901 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ké sí ọ́kẹ́sítírà ìlú mìíràn wá sí Cleveland, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, sáà tẹ̀lé sáà. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí wò. Ènìyàn tí ó bá gba ọ́kẹ́sítírà lálejò ní láti mọ ọkọ̀ ojú irin tí gbogbo wọn yóò wọ̀, ibi tí wọn yóò sùn, iye àga tí orí ìtàgé lè gbà, ẹnu ọ̀nà tí ìlù ńlá lè gbà wọlé, ohun tí adarí orin kan fẹ́ tí èkejì kò sì fẹ́ gbọ́ sétí. Ó ní láti bá alákòóso ilé kọ̀ọ̀kan dúnàádúrà, kí ó sì rí bí ọwọ́ wọn ti yàtọ̀ síra. Ní 1915, ó kó àwọn ọlọ́lá ìlú jọ láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa gbé orin ró. Ní oṣù Kejìlá 1918, ọ́kẹ́sítírà Cleveland fúnra rẹ̀ ṣe ìpàtẹ orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Nikolai Sokoloff ni adarí orin, Hughes sì ni alákòóso. Ipò náà ni ó wà títí di 1933. Ọdún 17 gbáko ni ó fi ṣe ìtọ́jú ọ́kẹ́sítírà ọlọ́kẹ́sítírà kí ó tó ní tirẹ̀. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tún gba ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára ju èyí lọ, bí kò tilẹ̀ sí ìwé ẹ̀rí níbẹ̀.

Ohun tí Hughes rí ní pàdéèrè ni àwọn mìíràn wá sọ di ètò. Ní 1942, Leta Snow, tí ó jẹ́ alákòóso ọ́kẹ́sítírà ìlú Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, ṣagbátẹrù ẹgbẹ́ kan fún àwọn ọ́kẹ́sítírà, pàápàá ti àwọn ìlú tí kò tóbi, kí wọ́n lè máa fi ọgbọ́n ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà dàgbà, àwọn ńlá náà sì wọ inú rẹ̀. Láti 2007 ni a ti ń pè é ní League of American Orchestras. Ní nǹkan bí 1980 ni ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n a yan ọ̀dọ́ díẹ̀ lọ́dún kan, ìwọ̀n tí ọwọ́ kan lè kà. Wọ́n a rán wọn lọ sọ́dọ̀ ọ́kẹ́sítírà kan fún oṣù mélòó kan, wọ́n a tún kó wọn kúrò níbẹ̀ lọ sí òmíràn, ti ìlú ńlá, ti ìlú kékeré, títí ọdún yóò fi yí po. Owó oúnjẹ ń bẹ fún wọn. Ọmọ-iṣẹ́ náà a máa tẹ̀lé alákòóso àgbà wọ ìpàdé ìgbìmọ̀, a jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe ètò ìṣúná, a sì tún máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nínú ọ́fíìsì bí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù.

Àwa náà mọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ a lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, a lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a gba fíríìdọ̀mù, gbogbo ará ilé a sì jó. Ohun tí ó yàtọ̀ nínú ètò yìí ni pé wọn kò jẹ́ kí ọmọ-iṣẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Àwọn baba wa ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ní ilé kan ṣoṣo kò lè mọ èyí tí í ṣe òfin iṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe àṣà ilé náà lásán. Ohun gbogbo tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń ṣe ni yóò pè ní òfin. Ọmọ tí ó bá ti dé ilé mẹ́ta ti rí ohun kan náà tí wọ́n ń ṣe lọ́nà mẹ́ta, ìbéèrè yóò sì ti wọ inú rẹ̀: èwo nínú ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ kò lè ṣe láìsí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyàtọ̀ ilé ńlá àti ilé kékeré, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Ní ilé ńlá, ẹ̀ka iṣẹ́ pọ̀. Ẹnìkan wà fún tíkẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan fún ọrẹ àwọn olówó, ẹnìkan fún ìrìn àjò, ẹnìkan fún àwọn ọmọ ilé ìwé tí ń wá gbọ́ orin. Owó ọ̀sẹ̀ tí ó dájú ni àwọn olórin ń gbà, ìwé àdéhùn wọn sì nípọn bí ìwé òfin. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ bí ìdánrawò yóò ti gùn tó, ìgbà tí wọn yóò sinmi, àti ohun tí a ó san bí àkókò bá kọjá. Òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé pẹ̀lú aago. Bí àkókò bá tó, ó ní láti fi ìkìlọ̀ hàn, bí adarí orin náà tilẹ̀ lókìkí tó Solomoni. Bí wọ́n bá kọjá àkókò, owó àṣekún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, fún gbogbo ènìyàn tí ó wà lórí ìtàgé.

Ní ilé kékeré, ọ́fíìsì lè má ní ju ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Alákòóso ni ó ń dáhùn tẹlifóònù, òun ni ó ń kọ lẹ́tà ìtọrọ owó, òun ni ó sì ń bá wọn gbé àga bí agbágá kò bá wá. Iṣẹ́ tí olórin bá wá ṣe ni wọ́n ń sanwó fún, ìdánrawò kan iye báyìí, ìpàtẹ orin kan iye báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin bẹ́ẹ̀ ń wa ọkọ̀ láti ìlú kan dé èkejì, wọ́n wà nínú ọ́kẹ́sítírà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Bí alákòóso bá fi ọjọ́ ìpàtẹ orin rẹ̀ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti ìlú kejì, ó lè jí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí ó má rí onífèrè idẹ kan ṣoṣo. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ-iṣẹ́ ń kọ́ ní ilé kékeré ni láti wo kàlẹ́ńdà àwọn aládùúgbò kí ó tó kọ tirẹ̀. Ọmọ tí ó bá gba ilé ńlá lọ tààrà lè má kọ́ ìyẹn láéláé. Ní tèmi, bí a bá ní kí n yan ibi tí ọmọ yóò ti bẹ̀rẹ̀, ilé kékeré ni ǹ bá rán an lọ ná, nítorí ibẹ̀ ni ó ti lè rí gbogbo ara ẹran náà kí wọ́n tó gé e sí wẹ́wẹ́.

Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn wọn tún ń bẹ. Boston a máa kó lọ sí Tanglewood, Cleveland sí Blossom tí wọ́n ṣí ní 1968. Ìlú Aspen, lórí àwọn òkè Colorado, sì ti ń ṣe àjọ̀dún orin láti 1949, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó ti àwọn àgbà olórin. Níbẹ̀, òjò, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ di ọ̀rọ̀ alákòóso. Ẹ má rẹ́rìn-ín; ẹni tí ó bá ti ṣe ìpàgọ́ ìjọ rí mọ̀ pé bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò bá tó, kò sí ẹni tí yóò rántí orin.

Ibi kan wà nínú ilé ọ́kẹ́sítírà tí àwọn àlejò kì í dé, ibẹ̀ ni ǹ bá sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ-iṣẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán: yàrá olùtọ́jú ìwé orin. Adarí orin nìkan ni ó ní ìwé tí ohùn gbogbo wà nínú rẹ̀. Olórin kọ̀ọ̀kan, tàbí méjìméjì nínú àwọn olókùn, ti ara wọn nìkan ni ó wà níwájú wọn. Bí olórí àwọn onífáyólìn bá pinnu pé níbí yìí ọ̀pá fáyólìn yóò gòkè, níbí yìí yóò sọ̀ kalẹ̀, olùtọ́jú ìwé ni yóò fi pẹ́ńsùlù kọ àmì náà sínú ìwé gbogbo olókùn kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Orin tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti kú láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n lè rà kí ó di ti ilé. Orin tí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ṣì wà lórí rẹ̀, yíyá ni wọ́n sábà máa ń yá a lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, pẹ̀lú owó àti ọjọ́ ìdápadà. Bí alákòóso bá kéde orin kan fún ìlú láìkọ́kọ́ bi olùtọ́jú ìwé léèrè, ó lè kéde ohun tí kò lè rí ìwé rẹ̀ yá.

Ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ náà jẹ́ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, ní Boston, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi aṣọ ìkélé sáàárín ẹni tí ń díje fún ipò olórin àti àwọn tí ń gbọ́ ọ, kí ó lè jẹ́ pé etí nìkan ni yóò ṣe ìdájọ́. Àṣà náà tàn kálẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níbòmíràn kí ìró bàtà má baà fi hàn bóyá obìnrin ni ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ilé kan a mú ìkélé náà kúrò ní ìpele ìkẹyìn, ilé kejì a fi í sílẹ̀ títí dé òpin. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá rí méjèèjì yóò bèèrè ìdí. Àwọn kan yóò ní àwọn fẹ́ rí bí ènìyàn náà yóò ti bá àwọn yòókù ṣe pọ̀. Àwọn kan yóò ní ojú ènìyàn ni ojúsàájú ń gbà wọlé. Ó sàn kí ó gbọ́ àwíjàre méjèèjì lẹ́nu àwọn tí ó gbà á gbọ́ kí ó tó di pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu.

Ẹ̀kọ́ tí ó le jù kò sí nínú yàrá ìwé. Láàárín 2010 àti 2014, ojú àwọn ọ́kẹ́sítírà Amẹ́ríkà rí nǹkan. Àwọn olórin Detroit yanṣẹ́ lódì láti oṣù Kẹwàá 2010 títí di oṣù Kẹrin 2011. Ní oṣù Kẹrin náà gan-an ni ti Philadelphia, tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, lọ sí ilé ẹjọ́ láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tí ó jẹ ní gbèsè. 2012 ni ó tó bọ́. Ní Minnesota, ìgbìmọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn olórin ní oṣù Kẹwàá 2012 nítorí wọn kò fẹnu kò lórí owó iṣẹ́, ilẹ̀kùn náà kò sì ṣí títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2014. Adarí orin wọn, Osmo Vänskä, fi ipò sílẹ̀ kí ìjà náà tó parí, ó sì tó padà wá lẹ́yìn náà. Ohun tí ó ta àwọn olórin lára ni pé, nígbà tí wọ́n ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gba owó tí ó dín jìnnà sí ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n ń fi nǹkan bí 50 mílíọ̀nù dọ́là tún gbọ̀ngàn ṣe. Ìgbìmọ̀ ní ìdáhùn: bí ènìyàn bá ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ nítorí gbọ̀ngàn, gbọ̀ngàn ni a gbọ́dọ̀ fi kọ́, a kò lè fi san owó oṣù. Òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni ìrora àwọn olórin. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ rí, nígbà tí owó oṣù olùṣọ́ àgùntàn kò tí ì jáde, kò nílò kí n ṣàlàyé síwájú.

Kí ni ọmọ-iṣẹ́ lè rí kọ́ nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀? Pé ọrẹ tí a dè mọ́ ohun kan wà ní gbogbo ilé, kò sí bí a ṣe lè sá fún un. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a ṣí ìwé ìṣirò fún àwọn olórin yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Ilé tí ó bá ṣí i kí wíwá owó tó bẹ̀rẹ̀ lè jiyàn kí ó sì parí rẹ̀. Ilé tí ó bá dúró di ọjọ́ ìdúnàádúrà, kò sí ẹni tí yóò gba ìṣirò rẹ̀ gbọ́ mọ́, bí ó tilẹ̀ pé. Ní ti Detroit, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì wọn, wọ́n dín owó tíkẹ́ẹ̀tì kù, wọ́n ń gbé orin lọ sí àwọn àdúgbò tí ó yí ìlú ká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìpàtẹ orin hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2011. Ilé tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó wá di ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń lọ wòye.

Ètò ìlọkáàkiri yìí ní àléébù tirẹ̀. Oṣù méjì ní ilé kan lè sọ ènìyàn di a-fojú-rí-má-fọwọ́-kàn. Ó mọ ìtàn gbogbo ilé, kò sì tí ì dá nǹkan kan ṣe rí tí ó lè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ilé tí ó bá gba ọmọ-iṣẹ́ ní láti fún un ní iṣẹ́ kan tí í ṣe tirẹ̀, ìpàtẹ orin àwọn ọmọdé kan, fún àpẹẹrẹ, kí ó ṣe ètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó sì jíyìn owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìrìn àjò náà a máa bá iṣẹ́ lọ. Deborah Borda, tí ó ti ta fíólà rí, ti ṣe iṣẹ́ ìṣàkóso ní San Francisco, Saint Paul, Detroit àti Minnesota kí ó tó dé New York ní 1991. Ó darí ti Los Angeles láti 2000 sí 2017 kí ó tó padà sí New York. Ernest Fleischmann ti ṣe alákòóso London Symphony Orchestra kí ó tó gba ti Los Angeles ní 1969. Ìkejì yìí ni kí ẹ wò dáadáa. Àwọn olórin fúnra wọn ni ó ni ọ́kẹ́sítírà London náà láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1904. Àwọn ni ọ̀gá, alákòóso ni òṣìṣẹ́ wọn. Ní Los Angeles, ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá ìlú ni ọ̀gá. Ẹni tí ó ti sin irú ọ̀gá méjèèjì mọ ohun tí ẹni tí ó sin ọ̀kan kò lè mọ̀.

Bóyá àwọn kan yóò ní kí ni èyí kàn wá ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó kàn wá. Fela Sowande, tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, kọ́ orin lábẹ́ Thomas Ekundayo Phillips ní Kàtídírà Marina ní Èkó, ó lọ sí London, ó sì kọ African Suite ní 1944 fún àwọn olókùn àti háàpù. Apá ìkẹyìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí ètò rédíò kan ní Kánádà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tún kọ símfónì kan fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960. Ní Èkó, MUSON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ní gbọ̀ngàn ní Oníkàn, ó sì ní ilé ẹ̀kọ́ orin láti 1989. Àwọn olórin ń jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé orin kì í dún fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olórin ọgbọ̀n kì í ṣèèṣì pàdé ní gbọ̀ngàn kan.

Nítorí náà, iṣẹ́ àṣetiléwá kan rèé fún ọmọ tí ó bá wà nílé yín tí ó fẹ́ràn orin. Kí ó gbà pé ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ gbọ́ African Suite ní ọjọ́ àjọ̀dún tí ń bọ̀, pẹ̀lú olókùn 30 àti háàpù kan. Sowande kú ní 1987, nítorí náà ẹ̀tọ́ ṣì wà lórí iṣẹ́ rẹ̀: ọwọ́ ta ni a ó ti gba àṣẹ àti ìwé orin? Ta ni ó ní háàpù ní itòsí, ọkọ̀ wo ni ó lè gbé e láìforí gbá? Ìdánrawò mélòó, ẹni mélòó ni yóò sùn mọ́jú? Ibo ni a ó gbé jẹnẹrétọ̀ sí tí ariwo rẹ̀ kò fi ní bo ohùn háàpù mọ́lẹ̀? Kí ó kọ owó tí yóò jáde sí apá kan, iye tíkẹ́ẹ̀tì tí ìlú wa lè rà sí apá kejì, kí ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kí ó sì kọ lẹ́tà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde láti tọrọ ìyókù. Bí iye tí ó bèèrè nínú lẹ́tà náà kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú ìwé ìṣirò, ẹ dá a padà fún un kí ó tún un kọ.